Orúkọ Lójú Ọ̀bẹ

Ọ̀bẹ ni Abọ́dúndé ń fín ọnà sí ní Muṣin. Bó bá ti gbójú lé awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, kò gbọdọ̀ sẹ́ni tó máa bá a sọ̀rọ̀, torí àṣìṣe orí irin kò ṣeé pa rẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Mùíz, tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, gbé ọ̀bẹ tí olóògbé fi ń pa àgbò Iléyá wá. Ó fẹ́ kí orúkọ olóògbé wà lára ọ̀bẹ náà kí ọmọ wọn tó jogún un.

"Kí lorúkọ wọn?"

"Bàbá Mùíz."

Abọ́dúndé kanra. "Orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n ni mò ń bi yín."

Látìgbà tí obìnrin náà ti wọlé ọkọ, kò pe orúkọ yẹn rí. Ó tọrọ bírò, ó kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì nawọ́ sí i.

Nígbà tíṣẹ́ parí, Abọ́dúndé dìde kí Ìyá Mùíz lè fi awò wò ó. Obìnrin náà tẹjú mọ́ lẹ́tà náà títí.

"Teslim," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́.

Ló bá kúnlẹ̀. "Ẹ forí jì mí, Bàbá Mùíz."