Aṣọ Funfun Orí Kọ̀ǹpútà

Inú ṣì ń bí mi sí Ọ̀gá Dáre, mo sì máa to ẹ̀sùn rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, èmi tí mo gboyè ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ń kọ́ àwọn obìnrin bí a ṣe ń kọ ètò, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, ní ọ́fíìsì Ọ̀gá Dáre ní Yàbá. Ẹ̀sùn kìíní: a gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà ká tó wọlé, bí ẹni ń wọ mọ́sáláṣí. Ẹ̀kejì: ó fi aṣọ funfun bo kọ̀ǹpútà, òun nìkan ló sì lè ṣí i. Bí kò bá tíì ti Sùúrùlérè dé, àwa àti aṣọ la ó máa wo ara wa.

Ilé ìwòsàn kan ní Muṣin là ń kọ ètò fún, kí nọ́ọ̀sì lè mọ ọmọ tí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti tó gbà. Ọ̀gá ti búra pé bí wọn ò bá gbà á, òun á lé wa, òun á kó àwọn tó ń kọ́ tàìpù títẹ̀ wọlé. Òun kan náà ló tún pàṣẹ pé orúkọ bàbá ni ká fi máa wá ọmọ. Ẹ̀sùn kẹta nìyẹn.

Sìdí, akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ń ta aṣọ ní Tejúoṣó, kìlọ̀ fún un. "Ọ̀gá, ìyàwó ilé kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ o."

"Kọ̀ǹpútà ò mọ ìyàwó ilé. Ẹ kọ ohun tí mo ní kí ẹ kọ."

A kọ ọ́. Lọ́jọ́ ìdánwò, a gbé kọ̀ǹpútà lọ sí Muṣin tòun taṣọ. Ìyàwó kékeré kan gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wá.

"Kí lorúkọ bàbá ọmọ?" Nọ́ọ̀sì àgbà bi í.

"Akọ̀wé."

"Orúkọ rẹ̀ gan-an ni mo béèrè."

"Màmá, bí mo ṣe ń pè é nìyẹn. Ṣé kí n wá la orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi mọ́lẹ̀ ni?"

Kọ̀ǹpútà lóun ò mọ Akọ̀wé kankan. Ọ̀gá kọjú sí mi: "Màdáámù, àwọn èèyàn yín ò mọṣẹ́." Ẹ̀sùn kẹrin.

Nọ́ọ̀sì àgbà fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan. Sìdí fi àyè tuntun kún ètò náà: orúkọ tí ìyàwó ilé ń pe bàbá ọmọ. Àwọn obìnrin náà fi orúkọ ẹnì kan tí gbogbo wa mọ̀ dán an wò, a sì lọ bi àwọn ìyàwó Muṣin ní orúkọ tí àwọn náà ń pè, a kọ wọ́n sínú rẹ̀.

Nígbà tí a padà débẹ̀, Nọ́ọ̀sì àgbà tẹ "Akọ̀wé". Orúkọ ọmọ náà jáde lójú kọ̀ǹpútà, tòun ti abẹ́rẹ́ tó kù fún un. Nọ́ọ̀sì ní òun gba ètò náà.

"Èmi ni mo darí wọn," ni Ọ̀gá wí. Ó sún Sìdí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ orúkọ ara rẹ̀ kí wọ́n lè rí bó ṣe mọ̀ ọ́n lò tó. Kọ̀ǹpútà dá a lóhùn pé bàbá ọmọ ń jẹ́ Dáre, ìyàwó ilé sì ń pè é ní Aláṣọ Funfun.

Nọ́ọ̀sì àgbà kò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yín dà, Aláṣọ Funfun? Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti tó gbà."

Lọ́jọ́ Ajé, a rí i pé Ọ̀gá ti fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ lórí tábìlì Sìdí. Aṣọ ti kúrò lórí kọ̀ǹpútà, a ò sì rí i mọ́. Ṣùgbọ́n títí mo fi kúrò níbẹ̀, bàtà là ń bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀sùn kìíní ṣì wà nílẹ̀.