Ìlà Bí Irun Lára Wíìlì Kejì

Wíìlì tí à ń sọ yìí, kò tóbi ju àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gbé ife tíì lọ. Ọwọ́ kan péré ló ń gbé e! Ṣùgbọ́n inú ẹ́ńjìnnì ẹlikópítà ni ilé rẹ̀, nínú iná tó lè yọ́ idẹ, ó sì ń yí ní ìgbà ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí ẹ tó sọ pé "ẹ káàárọ̀ sà," ó ti yí ju ẹgbẹ̀rún ìgbà lọ. Bí irú wíìlì bẹ́ẹ̀ bá sán, bó ti wù kí ibi tó sán kéré mọ, kì í rọra dúró. Ṣe ló máa fọ́ jáde bí ọta ìbọn.

Mákánjúọlá fẹ́ràn wíìlì yẹn bí ẹlòmíràn ṣe ń fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ọmọ Ìkirè ni, ó wá sí Houston láti kàwé ẹnjiníà lọ́dún 1978. Nígbà tí nǹkan dojú rú, tí ilé kò lè ràn án lọ́wọ́ mọ́, ó fi yunifásítì sílẹ̀, ó lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ọkọ̀ òfuurufú. Á nu ilẹ̀ ọ́fíìsì àwọn ilé iṣẹ́ epo láàárọ̀, á sáré lọ sí kíláàsì lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin gbáko, kí ìjọba tó fún un ní láísẹ́ńsì. Páálí kékeré kan báyìí! Ṣùgbọ́n láìsí páálí yẹn, ẹni tó ń nulẹ̀ ni. Pẹ̀lú páálí yẹn, ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn márùn-ún kọjá lórí òkun, ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń jáde. Bí ẹ bá bi í pé kí ló ní láyé, Bísọ́lá ìyàwó rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dárúkọ, láísẹ́ńsì ló máa tẹ̀lé e.

Ẹni tó mú un wọ hángà, ilé tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ òfuurufú ṣe, tó ti ń ṣiṣẹ́ ní League City ni Alàgbà Cornelius. Alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà wọn ni bàbá yìí, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, iṣẹ́ àyẹ̀wò ni tirẹ̀ ní hángà. Àwọn yòókù á tú ẹ́ńjìnnì, wọ́n á dì í. Òun ló ń yẹ ẹ́ wò, òun ló ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé pé ó dára. Òun ló lọ bá Helen, òyìnbó obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wọn, tó ní, "Ọmọ mi ni. Bó bá ba nǹkan jẹ́, èmi ni kẹ́ ẹ mú." Mákánjúọlá kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn rí.

Ohun tí Helen kò mọ̀ ni pé ojú Alàgbà ti ń lọ. Nǹkan funfun bíi kùrukùru ti ń bo ẹyinjú rẹ̀. Bí wọ́n bá pè é fún àyẹ̀wò ojú lọ́dọọdún, ó ti há gbogbo lẹ́tà ara ògiri tí wọ́n fi ń yẹ ojú wò sórí láti òkè délẹ̀. Á kà á geere bí ẹni ń ka Sáàmù! Mákánjúọlá nìkan ló mọ̀, torí òun ló di ojú fún un. Bí iṣẹ́ bá dé, àwọn méjèèjì á jọ wọ yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò, Mákánjúọlá á wò, á sọ ohun tó rí, Alàgbà á lu òǹtẹ̀. Bí ẹni ń gba ẹrù lórí bàbá ẹni lójú ọ̀nà ni. Ta ló máa jókòó síbẹ̀ tí àgbàlagbà á máa fojú wá nǹkan nínú òkùnkùn? Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tí Mákánjúọlá pè é ní irọ́.

Nínú oṣù kẹta ọdún 1987, ìwé pàjáwìrì dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Wíìlì irú ẹ́ńjìnnì wọn ti sán níbòmíràn. Nítorí náà, kò sí ẹlikópítà kankan tó ní irú rẹ̀ tó gbọdọ̀ gbéra mọ́, àfi tí wọ́n bá tú wíìlì náà jáde, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i pé kò sán. Dandan ni! Ẹlikópítà mẹ́ta irú rẹ̀ ló wà ní hángà, àwọn ilé iṣẹ́ epo sì ti ń pariwo lórí fóònù pé àwọn òṣìṣẹ́ àwọn wà láàárín omi, tí wọn ò rí ọkọ̀ gbé wọn wálé.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìwé náà dé. Ọjọ́ Sátidé ni ìsọmọlórúkọ àkọ́bí Mákánjúọlá, nílé àǹtí ìyàwó rẹ̀ ní Rosenberg.

"Ẹ jẹ́ kí n wá, sà," ó wí fún Alàgbà. "Bá a bá ti sọ ọ́ lórúkọ tán, mo lè dé kó tó di ọ̀sán."

"Ṣé orí ẹ pé ṣá? Ta ló ń sá kúrò níbi ìsọmọlórúkọ àkọ́bí ẹ̀? Máa lọ jàre. Èmi tí mo ti ń yẹ ẹ́ńjìnnì wò kí wọ́n tó já ẹ lẹ́nu ọmú."

"Sà, ojú..."

"Ojú kí ni?"

Mákánjúọlá gbé e mì. "Kò sí, sà. Ẹ ṣeun gan-an."

Olúbùkọ́lá ni wọ́n sọ ọmọ náà. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n gbàdúrà.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ní ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, Alàgbà gba ọmọ lọ́wọ́ Bísọ́lá, ó gbé e súnmọ́ ojú rẹ̀ tímọ́tímọ́.

"Háà! Imú Mákánjúọlá ló gbé wá! Má bínú, ọmọ mi, a máa fi ọ̀rọ̀ náà sínú àdúrà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mákánjúọlá béèrè pé, "Iṣẹ́ àná ńkọ́, sà?"

"Ó ti parí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ti dì wọ́n padà. Wíìlì kejì yẹn nìkan ló fẹ́ yọ mí lẹ́nu díẹ̀. Mo rí ìlà kan bí irun lára ẹ̀, mo nù ún, ó lọ. Ọkọ̀ tiẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbéra láàárọ̀ ọ̀la."

"Ṣé ẹ tún bu ìyẹ̀fun sí i, sà, kẹ́ ẹ dúró wò ó bóyá ó máa padà?"

"Ta ló fẹ́ dúró dè é? Helen ń gbá ilẹ̀kùn bí ọlọ́pàá."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí iṣẹ́ ìyanu ni! Wọ́n á fọ wíìlì mọ́ tónítóní, wọ́n á rì í bọ inú òróró aláwọ̀ ewé kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí òróró lè ráyè wọ inú ibi tó bá sán, ibi tí abẹ́rẹ́ pàápàá kò lè wọ̀. Wọ́n á fọ ara rẹ̀, wọ́n á bu ìyẹ̀fun funfun lé e, wọ́n á gbé e sábẹ́ iná aláwọ̀ àlùkò nínú òkùnkùn. Òróró tó sá pamọ́ yẹn á rọra yọ jáde, á máa tàn yinrinyinrin bíi tanátaná! Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, eruku náà máa ń tàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń nù ún, tí wọ́n á tún bu ìyẹ̀fun sí i, tí wọ́n á sì dúró. Eruku tí wọ́n bá ti nù, ó lọ nìyẹn. Ibi tó sán á tún yọ padà, torí òróró ṣì wà nísàlẹ̀.

Ohun tó sì já Mákánjúọlá láyà jù ni pé Alàgbà fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ìlà tí ojú Alàgbà bá lè rí, ìlà kékeré kọ́ nìyẹn.

Aago kan ààbọ̀ ni. Mákánjúọlá ti há nọ́ńbà Helen sórí, fóònù ojú pópó wà ní ilé epo tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa gbẹ́yìn bàbá lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun òyìnbó, nígbà tí kò tíì sọ ọ́ lójú bàbá fúnra rẹ̀? Ó fa Alàgbà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò tíì la ẹnu tí àwọn èèyàn ti ń rọ́ wá kí bàbá.

"Wá sílé ní aago mẹ́rin," Alàgbà wí.

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti débẹ̀. Àlejò kún pálọ̀. Màmá Adébùnmí, ìyàwó Alàgbà, gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀. Ṣé iwájú àlejò ni èèyàn ti máa sọ pé ojú bàbá kò ríran? Ó jẹun, ó rẹ́rìn-ín síbi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, ó ń wo aago. Aago mẹ́fà ni àlejò tó kẹ́yìn tó dìde. Mákánjúọlá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́. Wíìlì yẹn ti sán. Ẹ pe Helen kó má jẹ́ kí wọ́n gbé ọkọ̀ yẹn."

Alàgbà dáhùn pé, "Ṣé kí wọ́n lè mọ̀ pé mi ò ríran ni?"

"Rárá o, sà. Ẹ kàn sọ pé ẹ fẹ́ tún un wò. Mo máa bá yín lọ nísinsìnyí."

"Ọdún kan ààbọ̀ ló kù kí n fẹ̀yìn tì, Mákánjúọlá."

"Mo mọ̀, sà."

"Ó dáa. Màá pè é. Dìde, lọ tọ́jú ìyàwó ẹ."

Fóònù náà wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alàgbà, kò ju nína ọwọ́ lọ! Òyìnbó ì bá ti ní, "Ẹ pè é báyìí kí n gbọ́." Ẹni tí wọ́n tọ́ ní Ìkirè, ẹnu wo ló máa fi sọ ọ́? Ṣé kó sọ fún Alàgbà pé òun kò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ ni? Ó dìde, ó dúpẹ́, ó lọ.

Nílé, ó gbé fóònù.

"Ta lo fẹ́ pè?" Bísọ́lá béèrè.

"Helen."

"Ṣebí o ní bàbá ní àwọn máa pè é."

"Wọ́n ní àwọn máa pè é."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Ṣé Alàgbà ń parọ́ ni?"

Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Aago méje àárọ̀ Mọ́ńdè ló dé hángà. Ibi tí ẹlikópítà kejì máa ń dúró sí ṣófo. Ó sáré wọ ọ́fíìsì Helen.

"Ṣé Cornelius pè ọ́ lánàá?"

"Pè mí kẹ̀? Nítorí kí ni?"

Wọ́n ṣì ń sáré lọ sídìí rédíò nígbà tí ìròyìn wọlé. Wíìlì náà ti fọ́ lókè omi. Awakọ̀ yẹn gbówọ́, ẹ gbà mí gbọ́! Ẹ́ńjìnnì ti kú pátápátá, ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa yí abẹ̀bẹ̀ orí ọkọ̀, ó sì rọra gbé e kalẹ̀ sórí òkun. Mẹ́rin nínú àwọn márùn-ún tó wà nínú rẹ̀ jáde láìfarapa. Ẹnì karùn-ún ni kúùkù tó ń dáná fáwọn òṣìṣẹ́ epo. Èkúfọ́ wíìlì náà la àjà ọkọ̀ kọjá, ó bá a lẹ́yìn. Ọkùnrin náà kò rìn mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Àwọn méjì láti ọ̀dọ̀ ìjọba wá ṣèwádìí. Alàgbà kọ́kọ́ wọlé. Ó sunkún, ó jẹ́wọ́ pé ojú òun kò dáa mọ́, àánú rẹ̀ ṣe wọ́n. Wọ́n gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, hángà ní àìsàn ni, wọ́n jẹ́ kó fẹ̀yìn tì, wọ́n gé kéèkì fún un, dókítà sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú rẹ̀. Ó wá kan Mákánjúọlá.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Lọ́jọ́ Àìkú, aago kan ààbọ̀."

"Ta lo sọ fún?"

"Cornelius. Ní aago mẹ́fà."

"Ẹni tó ṣe é gan-an? Ta lo tún sọ fún?"

"Mi ò sọ fún ẹlòmíì."

"Kí ló dé? Ṣé o ò ní fóònù nílé ni?"

Ó gbìyànjú láti ṣàlàyé. Ó ní àgbà ni, ó ní èèyàn kì í fò kọjá lórí àgbà. Ọ̀kan nínú wọn wo ìwé iwájú rẹ̀, ó ní, "A mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ìwọ ni mò ń bi." Nígbà tí wọ́n sì bi í pé ta ló ń bá Cornelius wo nǹkan láti ọdún méjì, kò parọ́. Gbogbo òǹtẹ̀ ọdún méjì yẹn di irọ́ lójijì, òun ló sì wà nídìí rẹ̀. Wọ́n ní kó gbé láísẹ́ńsì wá. Ó yọ ọ́ nínú àpò àyà rẹ̀, ó fi sórí tábìlì. Ẹni tó gbà á kò tiẹ̀ wò ó, ó sọ ọ́ sínú fáìlì.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ tún gba ibòmíràn yọ. Wọ́n ní Mákánjúọlá ló tú àṣírí bàbá fún òyìnbó. Bó ti wù kó ṣàlàyé tó pé Alàgbà fúnra wọn ló jẹ́wọ́, ta ló ń gbọ́? Àwọn òyìnbó ní ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, àwọn ará ilé ní kò yẹ kó sọ̀rọ̀ rárá. Nínú oṣù kẹfà, ìgbìmọ̀ àgbà ìjọ pe ìpàdé ìlàjà sílé Alàgbà, wọ́n ní kí Mákánjúọlá wá tọrọ àforíjì. Nígbà yẹn, ó ti ń to páálí ọjà sórí pẹpẹ ní ilé ìtajà kan.

Ó lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì yẹn kan náà. Alàgbà ká ìwé ìròyìn tó ń kà láìlo gíláàsì, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mo ti dárí jì ẹ́," ó wí. "Nínú ọkàn mi, kò sí nǹkan kan. Ọlọ́run á fún ẹ ní iṣẹ́ tó dáa ju ìyẹn lọ."

"Àmín," gbogbo wọn wí.

"Ẹ ṣeun, sà," Mákánjúọlá wí láti ilẹ̀.

Màmá Adébùnmí gbé oúnjẹ wá. Ó jẹ ẹ́, torí bí kò bá jẹ ẹ́, wọ́n á ní inú rẹ̀ kò tíì yọ́. Bísọ́lá gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, kò fọwọ́ kan tirẹ̀.

Nínú mọ́tò, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Kí lo bẹ̀ wọ́n fún?"

"Wọ́n ní kí n bẹ̀ wọ́n."

"Mo ní kí lo bẹ̀ wọ́n fún?"

Kúùkù yẹn wà ní ọsibítù ní Galveston. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Mákánjúọlá ti lọ síbẹ̀ láì sọ fún ẹnikẹ́ni, tó jókòó sínú mọ́tò níwájú ọsibítù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e wọlé. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó máa bá a pe ìpàdé ìyẹn.

Wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń wọ fríwéè, òpópónà ńlá. Apá ọ̀tún lọ sí Houston, ọ̀nà ilé wọn, apá òsì lọ sí Galveston. Ó tẹ bíréèkì, ó dúró síbẹ̀, iná ojú pópó sì ti di aláwọ̀ ewé tipẹ́. Mọ́tò tó wà lẹ́yìn fọn fèrè. Ó yà sọ́tùn-ún.