Bí Omi Kànga Pupa Ṣe Sọ Mí Di Alágbàfọ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi jókòó, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nítorí aṣọ funfun. Ó ti rẹ̀ mí o, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́.

Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni mí, mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa ní àdúgbò Challenge. Èmi, ọkọ mi àti ọmọ mẹ́ta, sùtánà márùn-ún ni mò ń fọ̀ ní gbogbo Sátidé. Èmi tí mo ti fi ọjọ́ márùn-ún gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní Olúyọ̀lé! Ẹ̀yìn á ti máa ro mí kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Omi kànga ilé wa ló fa wàhálà. Ó pupa bíi tíì. Kí ni mo wá ṣe? Mo da bílíìṣì sáṣọ. Ó tún pọ́n sí i! Mo tún da òmíràn sí i. Mi ò mọ̀ pé bílíìṣì gan-an ló ń jẹ́ kí ìpẹtà inú omi náà lẹ̀ mọ́ aṣọ.

Ní Sọ́ńdè kan, Ìyá Ìjọ, ìyàwó wòlíì wa, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní ṣé irú aṣọ tí èèyàn fi ń wá síwájú Ọlọ́run nìyẹn. Wọ́n ní kí n lọ máa jókòó lẹ́yìn títí aṣọ mi á fi mọ́. Mo sunkún délé. Orin tí mò ń bá àwọn akọrin kọ nìkan ló ń tù mí lára láàárín ọ̀sẹ̀.

Ìyá Súlíyà, aládùúgbò mi, bá mi níbi tí mo ti ń bú kànga. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

“Kànga ò gbọ́ Yorùbá o, Ìyá Tósìn! Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ni kó o fi ra ibi tó pọ́n, kó o sá a sóòrùn.”

Mo ṣe bẹ́ẹ̀, pupa náà ṣí kúrò! Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fi omi kànga ṣan án, á tún padà pọ́n. Àfìgbà tí òjò dé lọ́jọ́ kan, tó rẹ̀ mí débi pé mi ò lè dìde lọ kó aṣọ tí mo ti fi ọsàn ra lórí okùn. Nígbà tí òjò dá, ó funfun báláú! Mo gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ páànù, kí n lè máa fi omi òjò ṣan aṣọ.

Bí mo ṣe padà sáàárín akọrin nìyẹn. Ta ló ń gbọ́ orin? Aṣọ mi ni wọ́n ń wò! Ẹnìkan gbé tiẹ̀ wá kí n bá òun fọ̀ ọ́, ó sanwó, ẹlòmíràn tẹ̀ lé e, títí mo fi fi iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Ìjọ fúnra wọn wá sílé mi, wọ́n gbé láílọ́ọ̀nù dúdú dání. Sùtánà mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn pọ́n ju tèmi lọ! Wọ́n ní omi ilé àwọn náà pupa, pé bí èyí tí àwọn ń wọ̀ bá ti pọ́n, àwọn á rán tuntun, àwọn á kó ti àtijọ́ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní kí n má bínú.

Inú bí mi, àánú wọn sì ṣe mí. Mo gba láílọ́ọ̀nù náà.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé wàhálà tó ń sú yín nílé, ẹlòmíràn ti kó tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá rí ọ̀nà àbáyọ ti ríṣẹ́. Mi ò sọ pé kò ní rẹ̀ yín o!

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló ń sú yín lójoojúmọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kí a jọ wò ó. Ẹ jẹ́ kí n lọ fún ọsàn sí sùtánà Ìyá Ìjọ.