Abọ́ ìwẹ̀ ọmọ kọ́ la fi ń rẹ irin bíréèkì

Ẹ wá wo ohun tí ọkọ mi mẹkáníìkì fi abọ́ ìwẹ̀ ọmọ wa ṣe!

Láàárọ̀ yìí, ìyá ọkọ mi fẹ́ wẹ ọmọ, wọ́n ti bu omi sábọ́, ni òórùn kan bá ta sí mi nímú. Mo yára gba ọmọ lọ́wọ́ wọn.

"Bàbá Àyọ̀, kí lẹ fi abọ́ yìí ṣe?"

"Kẹ́míkà tó ń bó ìpẹtà ni mo bù sí i lánàá, mo rẹ irin bíréèkì. Mo ti fọṣẹ fọ̀ ọ́ jàre."

"Ó dáa. Ẹ fi omi inú ẹ̀ bọ́jú kí n rí i."

Ó wo omi, ó wo ìyá ẹ̀. Kò bọ́jú.

Ìyá fúnra wọn ló da omi náà nù. "Gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ, òdẹ̀!"

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, kí lọkọ tiyín ti fi abọ́ ọmọ ṣe rí?