Packy McTernan àti Ọ̀págun Leitrim

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta ọdún 1998, ìwọ́de àwọn ọmọ Ireland ní ìhà gúúsù Chicago dúró gbọnin fún ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún. Àwọn tó fẹ́ràn àsọdùn ní wákàtí kan ni. Ìwé ìgbìmọ̀ ìwọ́de ló sọ mọ́kàndínlógún. Òfin tuntun ló fà á: ìpínlẹ̀ Ireland tí kò bá ní ènìyàn márùn-ún nínú ìwọ́de kò gbọdọ̀ gbé ọ̀págun tirẹ̀, kí ó dara pọ̀ mọ́ èyí tó múlé tì í. Fún Leitrim, Roscommon tó ń rìn níwájú wọn nìyẹn. Packy McTernan ní ó kúkú sàn kí òun dara pọ̀ mọ́ ẹṣin ọlọ́pàá.

"Bàbá, ẹ̀yin mẹ́ta péré lẹ wà níbí," ni akọ̀wé wí.

"Kà á dáadáa, ọmọ yìí." Packy tọ́ka sí ara rẹ̀, sí Dympna ìyàwó rẹ̀, sí Nuala ọmọ wọn. Ó wá yọ fọ́tò àwọn àbúrò rẹ̀ méjì lápò.

"Àmọ́ àwọn wọ̀nyí ti kú, bàbá."

"Ènìyàn márùn-ún lẹ kọ. Ẹ ò kọ ọ́ pé kí wọ́n máa mí."

Nuala, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ń wá ibi tí ilẹ̀ yóò ti lanu gbé e mì. Níkẹyìn, akọ̀wé kọ márùn-ún sílẹ̀, ìwọ́de sì tún gbéra.

Lọ́dún tí òjò lé gbogbo ènìyàn wọlé ọtí, Packy nìkan ló ń rìn lọ láàárín títì. Dermot Beirne, olórí àwọn Roscommon, ké sí i láti ẹnu ọ̀nà: "Ṣé òjò yìí ni o fẹ́ kú sí ni?"

"Òjò lò ń pe èyí? Ní Leitrim, ọ̀gbẹlẹ̀ la ń pè é."

Ọdún 1957 ni Packy kúrò nílé, kò sì padà rí. Gbogbo oṣù Kẹjọ ló ń di àpótí. Kí oṣù tó parí, á tún tú u.

"Kí ló tún dé?" ni Dympna bi í.

"Bí wọ́n bá ti gé igi ẹ̀yìn ilé wa ńkọ́? Bí mo bá wà níbí, kò sẹ́ni tó lè gé e."

Dympna ló kọ́kọ́ kú. Packy tẹ̀ lé e ní oṣù Kọkànlá tó kọjá. Lẹ́tà ìgbìmọ̀ ò pẹ́ dé: bí Leitrim ò bá pé márùn-ún lọ́dún yìí, orúkọ rẹ̀ yóò kúrò nínú ìwé. Nuala, tó ti ń sọ láti kékeré pé òun kọ́ ni yóò jogún wèrè yìí, ju lẹ́tà náà sórí fìríìjì. Ọjọ́ kẹta, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Ó kó Marek ọkọ rẹ̀, ọmọ Poland, àti àwọn ọmọbìnrin wọn méjì wá síbi ìwọ́de.

"Mẹ́rin," ni akọ̀wé wí.

"Ẹnìkan ń bọ̀," ni Nuala wí. Irọ́ ni.

Dermot Beirne kúrò láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, ó di òpó kejì ọ̀págun náà mú. "Kọ mí sí i."

"Ẹ̀yin ọmọ Roscommon, bàbá?"

"Ọmọ Leitrim ni ìyá mi. Mi ò jẹ́ kí Packy gbọ́ ọ títí ó fi kú."

Nuala rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n gbéra. Wọ́n ti rìn jìnnà kí Dermot tó tún sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ sì wà níwájú.

"Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń bú mi láti ẹ̀yìn. Láti oṣù Kọkànlá, ẹ̀yìn mi dákẹ́ jù."