Ife Omi Lórí Àpótí

Ẹsẹ̀ ń ro ó. Ohùn ti há. Ó ti pẹ́ tí òṣìṣẹ́ ìlera yìí ti ń gbé gbohùngbohùn kiri àdúgbò, tó ń pariwo pé kí wọ́n se omi kí wọ́n tó mu ún, títí àwọn ọmọdé fi sọ ọ́ ní Ìyá Ẹ-Sè-É. Síbẹ̀, inú rírun ò kúrò nílé alájà mẹ́ta yìí.

Ó mọ ìdí ẹ̀, ó ti rí i láti òkè ilé kejì. Táńkì orí òrùlé ò ní ìdérí, ẹyẹ ń kú sínú ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti sọ fún àwọn ará ilé. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n ní, "Ẹ ṣé o, Ìyá. Ẹ bá wa sọ fún alámòójútó ilé." Ó lọ sọ fún un. Ọkùnrin náà tilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ibi iṣẹ́ ń gbé Ìyá lọ sí àdúgbò mìíràn. Bí àwọn ará ilé ò bá sọ ọ̀rọ̀ yìí di tiwọn lónìí, ó parí nìyẹn. Kò gbé gbohùngbohùn wá. Ó bu omi ẹ̀rọ sínú ife onígíláàsì, ó gbé e sórí àpótí láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì pe àwọn ará ilé jọ.

"Kí lẹ rí?"

"Omi ni," aránṣọ kan láàárín wọn dáhùn. "Àbí ojú ti ń dùn yín ni, Ìyá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, díẹ̀.

"Ibo ló ti wá?"

"Ẹ̀rọ."

"Kó tó dé ẹ̀rọ ńkọ́?"

Aránṣọ tẹ̀ síwájú, ó yọjú wo inú ife. Ìdáhùn ń yún Ìyá létè. Kó kàn sọ ọ́, kó lọ nà sílé. Àmọ́ ó ti sọ ọ́ rí. Ó káwọ́ lé itan. Ó dákẹ́. Kò mọ̀ rí pé dídákẹ́ lè rẹ èèyàn ju ariwo lọ.

"Òkè," obìnrin alágbàfọ̀ kan sọ níkẹyìn, bí ẹni ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Òkè ibo? Ọ̀run?" aránṣọ ní.

"Orí òrùlé, aláwàdà! Ta ló ti débẹ̀ rí nínú wa?"

Kò sí. Ọwọ́ alámòójútó ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ni gbogbo wọn bá dìde.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká lọ!"

"Ẹ máa lọ. Ẹsẹ̀ mi ò lè gun àtẹ̀gùn."

Ó jókòó, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá ilẹ̀kùn alámòójútó. Ilẹ̀kùn ṣí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí òrùlé.

Alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ lẹ́nu.

"Ẹ ti mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì ń wò wá níran! Ẹ ò sọ!"

"Mo sọ, ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì."

  Obìnrin náà gbé ife, ó da omi inú ẹ̀ sí gọ́tà.

"Ẹ jókòó yín jẹ́ẹ́," ó ní. "Ẹ má dá sí i."

Ó sáré padà sókè. Òṣìṣẹ́ ìlera bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀. Lókè lọ́hùn-ún, aránṣọ ń jágbe mọ́ alámòójútó pé kó di àkàbà táńkì mú dáadáa.