Fóònù Tó Ń Dún Lójú Fèrèsé

Òórùn kókò jéró, ẹ̀kọ mímu àwọn Hausa, ló máa ń jí mi ní Táfò ní Kùmásì nígbà èwe mi, kókò tí ìyá mi máa ń fi atalẹ̀ sí títí imú á fi máa ta èèyàn kó tó débi abọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo gbé abọ́ kókò mi dání, mo dúró nídìí fèrèsé yàrá Bàbá mi, ni fóònù bá dún.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà á rántí irú fóònù yẹn, èyí tí àwọn ará Kùmásì sọ ní yàámù torí pé ó rí kìtì bí iṣu. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà ní agbo ilé wa. Bàbá so ó mọ́ ìṣó lójú fèrèsé, torí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé. Ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń tà, àbúrò wọn ló sì ń bá wọn ra ọjà láti Lọmé. Àwọn méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ lórí fóònù, fíláàṣì ni wọ́n ń ṣe. Bó bá dún lẹ́ẹ̀kan tó dákẹ́, ọjà ti wọ ọkọ̀ nìyẹn. Bó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, ọjà ti kọjá ẹnubodè. Ẹni tó bá ṣèèṣì gbé e ti ba iṣẹ́ jẹ́. "Ohun tí kì í ṣe tìẹ," Bàbá á ní, "jẹ́ kó máa dún."

Láàárọ̀ yẹn, ó dún lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, ọjà ti wọ ọkọ̀. Ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní, ó ti kọjá ẹnubodè. Ó dún lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rù bà mí: ibo tún ni ọjà ń lọ? Nígbà tó máa di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, mo ti gbé abọ́ sílẹ̀, mo ti kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, kí wọ́n má baà ṣe ohun tí wọn ò rán wọn. Ẹ̀ẹ̀meje ló dún kó tó dákẹ́. Bàbá sáré jáde láti balùwẹ̀, ọṣẹ ṣì wà létí wọn.

"Ṣé o gbé e?"

"Rárá o, Bàbá."

Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí. "Ọmọ dáadáa."

Wọ́n pè padà. Ọkùnrin kan tó ń fi fóònù pawó lábẹ́ agboòrùn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló gbé e. Ó ní ìyá àgbà kan ló ní kí òun bá wọn pe ọmọ wọn ní Gánà, ara wọn kò yá, wọ́n ti fi ọ̀kadà gbé wọn padà sílé. "Wọ́n kàn ní kí n kí yín." Ìyá tó bí Bàbá mi ni. Bàbá ṣì ń wá ọkọ̀ nígbà tí ìròyìn dé lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ pé ìyá wọn ti kú.

Wọn kò bá mi wí, kò sọ́jọ́ kan. Ì bá sàn kí wọ́n bá mi wí. "Ọmọ dáadáa" yẹn ṣì wà lórí mi dòní, ó wúwo ju yàámù lọ.

Lọ́dún yìí ni Síkírátù, àbúrò mi, ní kí n bá òun ra fóònù àkọ́kọ́ fún ọmọ òun. Ràmátù lorúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ó sì máa ń dá wọ trotro, ọkọ̀ akérò, lọ sílé ìwé. Wọ̀fa ló ń pè mí, bí àwọn Àṣàǹtí ṣe ń pe arákùnrin ìyá wọn, oyè náà sì máa ń gùn mí. Èmi tí mo fìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹfà, tí mi ò lè ya fọ́tò kí orí èèyàn pé nínú rẹ̀, èmi ni mo wá di ọ̀gá fóònù.

Ní Àdúm, níbi tí wọ́n ti ń ta fóònù, mo fi àwọn tó ń dán sílẹ̀, mo mú èyí tí bátìrì rẹ̀ ń pẹ́, tí kò sì ní tètè fọ́. Ọmọkùnrin tó tà á, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síhìn-ín, mọṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ orí Ràmátù gan-an ló kọ sínú rẹ̀, kò fi kún un. Ó fi nọ́ńbà àṣírí tì í. Ó ṣe é kí ohunkóhun má lè wọlé síbẹ̀ àfi tí ìyá rẹ̀ bá fọwọ́ sí i láti orí fóònù tirẹ̀. Ó ní kí n kìlọ̀ fún un kó má fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ̀, kó má sì sọ ibi tó wà. Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró sí.

Ẹ̀rù ò jẹ́. Mo ti gbọ́ nípa àwọn tó ń fi ohùn dídùn tan ọmọ ọlọ́mọ lórí fóònù. Mo ní kó tì í mọ́ gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, adɛn?" Twi ló fi bi mí pé kí ló dé. "Bó bá jẹ́ ẹni ire ló pè ńkọ́?"

"Ẹni ire á jẹ́ ká mọ òun." Mo tún rẹ́rìn-ín, mo rò pé mo pa òwe.

Nọ́ńbà márùn-ún ló wọlé: ti ìyá rẹ̀, ti bàbá rẹ̀, ti tíṣà rẹ̀, ti máláàmù rẹ̀ àti tèmi. Nígbà tí mo gbé e délé, Síkírátù wò ó títí. "Bọ̀ọ̀dá, fóònù ni mo ní kẹ́ ẹ rà, ẹ̀wọ̀n kọ́." Mo kọjú sí Ràmátù: "Bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, fóònù yìí á dún."

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí òjò ńlá dé. Síkírátù há sọ́jà Krofrom, omi sì ti pa fóònù rẹ̀. Ó tọrọ fóònù obìnrin tí wọ́n jọ ń tajà, ó pe nọ́ńbà kan ṣoṣo tó mọ̀ sórí, ti ọmọ rẹ̀, kó lè sọ fún un pé kó má dúró de òun lójú títì, kó yà sílé máláàmù. Ó pè, ó pè, kò wọlé. Ràmátù wà ní oríta Táfò lábẹ́ ìbòrí ṣọ́ọ̀bù kan tó ti tì, fóònù lọ́wọ́, títí wọ́n fi pe ìrun Màgríbì, tí ìyá rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn dé.

Ilé mi ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Eyín ọmọ náà ń lu ara wọn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kúrò níbẹ̀, tí kò sì pe èmi.

"Wọ̀fa, ẹ ní bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, á dún." Ó na fóònù sí mi. "Kò dún."

Kò bínú o. Ó ń jíṣẹ́ ni, bí ọmọ dáadáa. Mo mọ ohùn yẹn. Èmi ni mo kọ́kọ́ ni ín.

Ìyá mi máa ń sọ pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ní tèmi, mo sunkún sílẹ̀ de ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, mi ò sì rí ọmọ tó dúró sínú òjò. Lọ́jọ́ kejì, Ràmátù fúnra rẹ̀ ló jókòó tì mí, tó fi ibi tí a ti máa ṣí ìdènà náà hàn mí. "Ẹ jẹ́ kó máa dún, Wọ̀fa. Bí mi ò bá mọ̀ wọ́n, mi ò ní dárúkọ mi. Màá ní, ta lẹ ń wá? Bí ọ̀rọ̀ wọn ò bá yé mi, màá pa á, màá sọ fún Máàmá."

Ọdún méjì péré ló fi ju ọmọ ojú fèrèsé yẹn lọ. Èmi tí mo ti hu irùngbọ̀n, ọwọ́ mi ṣì wà lẹ́yìn.

Ní báyìí, bí nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ bá pè, mo máa ń gbé e. Àṣìpè ló pọ̀ jù nínú wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá arúgbó kan ló pè, ó ń fi Twi kí Kwabena ọmọ rẹ̀, ó ń bi í bí ara ṣe rí. Ó yẹ kí n tètè sọ fún un pé ó ti ṣi nọ́ńbà pè. "Màámé," mo ní, "mo ń gbọ́ yín." Mo jẹ́ kó kí mi tán ná.